Kí Ara Tó Dàgbà Tán: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Kùmásì

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Aboabo, ní Asawase, ní Alabar, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé-ìwé tí ẹ ń sùn síbẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Òwò ló gbé wọn wá sílẹ̀ Asante. Nígbà tí ìjọba Busia níhìn-ín ní Gánà pàṣẹ lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ìdílé wa di ẹrù, wọ́n gba ilé lọ. Àwọn kan padà wá nígbà tó yá, èmi náà sì wà lára wọn. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni oúnjẹ sísè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama: ìkòkò ńlá, ẹnu púpọ̀, owó tí kì í tó. Mo mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún máa ń ṣẹ́kù sínú àwo, mo sì mọ ohun tó máa ń fi owó àpò rẹ̀ rà lẹ́yìn náà. Lóde òní, agolo ìyẹ̀fun tí wọ́n ya ọkùnrin oníṣan gíràgírà sí lára ni mò ń bá lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi, owó tí wọ́n sì fi ra agolo kan ń bọ́ ilé mìíràn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó dùn mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bá yín sọ ohun tí mo mọ̀.

1. Ẹ mọ iye tí ara yín ń bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó tà á fún yín.

Èròjà amúaradàgbà, tí àwọn olùkọ́ yín ń pè ní purotéènì, ni ara fi ń ṣe iṣan, awọ, irun, ẹ̀jẹ̀, àti ohun tó fi ń bá àrùn jà. Ara tó ń ga lọ́wọ́ nílò rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ara kò ní àká tó ń tọ́jú rẹ̀ sí bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ nìyí: ọmọ ọdún 9 sí 13, gíráàmù 34 lójúmọ́, ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18, gíráàmù 46, ọmọkùnrin ọjọ́ orí kan náà, gíráàmù 52. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwúwo ara ṣírò rẹ̀, ó fi díẹ̀ dín ní gíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá kà á nínú oúnjẹ Kùmásì. Koko àti koose mẹ́ta láàárọ̀, ìyẹn ògì àti àkàrà wa: ẹ̀wà inú àkàrà yẹn á fún yín ní bíi gíráàmù 8. Abọ́ waakye kan lọ́sàn-án, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà, bíi 10. Ẹyin kan lórí rẹ̀, 6. Fùfú lálẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà: ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan, bíi 20, ẹ̀pà inú ọbẹ̀ náà, 8. Ẹ ro ó pọ̀, 52 ni. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ti rí tirẹ̀ gbà, kò sì tíì ṣí agolo kankan. Ìṣirò àfojúdá ni, torí ọwọ́ àwọn ọlọ́bẹ̀ kò dọ́gba, àmọ́ kò jìnnà sí òótọ́.

2. Ẹ má fojú oúnjẹ aláìní wo ẹ̀wà.

Orí èyí ni mo ti bá àwọn ọmọ jà jù lọ. Ọjọ́ tí a bá gbé gààrì àti ẹ̀wà kalẹ̀, èyí tí ẹ̀ ń pè ní gobe, àwọn kan á máa wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń rí àwọn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní mọ́tò kò fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀, nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, gíráàmù bíi 23 ló jẹ́ amúaradàgbà. Lóòótọ́, ẹ̀wà máa ń fa omi mu tí a bá sè é, tí gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè fi máa ń ṣẹ́kù sí bíi 8. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ jẹ ẹ́ kún abọ́, kí ẹ má fi ṣíbí méjì tan ara yín jẹ.

Àwọn kan ní ẹ̀wà ń kún àwọn nínú. Òótọ́ ni, ó sì ní ọ̀nà tí à ń gbà. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun sè é. Kí ikùn lè mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń fi káún se ẹ̀wà kó tètè rọ̀, kó fi mọ níwọ̀n, nítorí káún máa ń pa fítámì B kan tó wà nínú ẹ̀wà.

Sóyà ju ẹ̀wà yòókù lọ: gíráàmù bíi 36 ló wà nínú 100 rẹ̀ ní gbígbẹ. Àwọn ará Àríwá Gánà ń gbìn ín dáadáa, àwọn obìnrin sì ń ṣe é bíi wàrà, wọ́n á fi sára igi, wọ́n á fi ata sí i, wọ́n á dín in. Ẹ rà á, ó dára. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má po ìyẹ̀fun sóyà tútù mu. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú lọ amúaradàgbà bó ṣe yẹ, iná ló sì ń pa á. Ẹ yan án tàbí kí ẹ sè é jinná.

3. Ẹ máa da oúnjẹ pọ̀ mọ́ra wọn, nítorí kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó pé.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Gánà mọ̀. Lọ́dún 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, wá sí Gold Coast. Ní Accra ló ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Àwọn dókítà mìíràn ti fi orúkọ àìsàn mìíràn pè é. Obìnrin yìí jókòó ti àwọn ìyá, ó bèèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Ìdáhùn wọn jọra: ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé, ògì àgbàdo nìkan ló sì ń mu látìgbà náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1933, lọ́dún 1935 ó sì lo orúkọ tí àwọn Gã ti ń pe àìsàn náà kó tó dé, kwashiorkor. Àwọn onímọ̀ ti rí i lẹ́yìn náà pé àìsàn yẹn tún ní okùnfà mìíràn pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yẹn kì í fi ebi sùn. Ògì ń yó wọn. Ikùn kún, ara kò sì rí ohun tó fẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Amúaradàgbà jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn èròjà kéékèèké, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ara wa kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní lysine kò tó nínú àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà. Ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà ní ìwọ̀nba methionine, èyí sì wà nínú ìrẹsì àti àgbàdo. Nítorí náà, nígbà tí ìyá oní-waakye bá da ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà nínú ìkòkò kan, ohun tí èkíní kò ní, èkejì fi dí i. Koko àti koose ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Aprapransa tí àwọn Akan ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan àti ẹ̀wà ṣe ń ṣe é pẹ̀lú. Kò pọn dandan kí gbogbo wọn bọ́ sínú abọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ti wọ ikùn lọ́jọ́ kan náà, ara á fúnra rẹ̀ pa wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin ará Kùmásì tún ní ohun ìwúrí kan nítòsí yín tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀. Ní Fumesua, lójú ọ̀nà Accra, ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Irúgbìn ti Gánà wà. Lọ́dún 1964, Edwin Mertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue l'Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí àgbàdo kan tí lysine rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àgbàdo lásán. Kò dùn ún gbìn, kò sì so dáadáa. Surinder Vasal àti Evangelina Villegas, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Mẹ́síkò, fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe títí tí àgbẹ̀ fi lè gbà á, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lórí rẹ̀ lọ́dún 2000. Lọ́dún 1992, Fumesua mú irú àgbàdo náà jáde fún àgbẹ̀ Gánà, wọ́n sọ ọ́ ní Obatanpa, orúkọ tí Asante ń pe ìyá rere. Àgbàdo Kùmásì yẹn ti dé Benin, Tógò, Mali, Uganda àti Mòsáńbíìkì. Ẹ rò ó wò: àwọn ọlọ́pọlọ pípé lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí koko tí ẹ̀ ń mu láàárọ̀ lè túbọ̀ dá ara yín lóhùn. Síbẹ̀ náà, ẹ má tìtorí ẹ̀ pa koose tì.

Ẹ̀gẹ́ ló burú jù nínú ọ̀ràn yìí. Gààrì, fùfú, kókóńtè: okun ló wà nínú wọn, amúaradàgbà wọn kò tó nǹkan. Ẹni tó bá jẹ fùfú, inú ọbẹ̀ ni kó ti wá a.

4. Ẹ jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun.

Ní Kejetia, ẹ ó rí àwọn ẹja tín-ín-rín tí wọ́n dín tàbí tí wọ́n sá gbẹ, tí ẹ̀ ń pè ní Keta schoolboys. Ọ̀pọ̀ yín ń fò ó, ẹ ń wá ẹja ńlá tàbí itan adìẹ. Ẹja wẹ́wẹ́ yẹn dára tó ẹja ńlá ní ti amúaradàgbà, ó tún wá fi eegun rẹ̀ lé e. Inú eegun yẹn ni kálísíọ́ọ̀mù wà, tí egungun tiyín ń wá ní ọjọ́ orí yìí gan-an. Ẹ lọ̀ ọ́ sínú ata, ẹ fi sínú ọbẹ̀ ewé kókò pẹ̀lú ègúsí. Agolo sadíìnì kan ní amúaradàgbà bíi gíráàmù 20, ó sì dúró pẹ́ nínú àpótí ọmọ ilé-ìwé. Ìgbín tí òjò ń mú jáde nínú igbó Asante náà, ẹran gidi ni.

Pọ́nmọ́ ńkọ́, tí ẹ̀ ń pè ní wele? Mo fẹ́ràn rẹ̀ lórí waakye bíi tiyín. Ẹ jẹ ẹ́ fún ìgbádùn ẹnu, ṣùgbọ́n kí ẹ má kà á mọ́ ẹran. Oríṣi amúaradàgbà kan ṣoṣo ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí mo wí lókè kò sì sí níbẹ̀ rárá.

5. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè.

Àwa àgbà ni mo ń bá wí níhìn-ín, ẹ̀yin ọmọ kàn ń gbọ́ ọ létí ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á máa jalè. Ní Gánà náà, irú ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín ọ̀pọ̀ ìran. Mo rò pé ọgbọ́n tí àgbà fi ń dá ẹyin sí fún pípa ni nígbà tí ẹyin ṣọ̀wọ́n, torí ẹyin tí a bá jẹ lónìí kò ní di adìẹ lọ́la. Ìgbà yẹn ti kọjá. Àwọn olóko adìẹ yí Kùmásì ká, páálí ẹyin kún gbogbo ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìpín ẹran: bàbá á gba orí ẹja àti àárín rẹ̀, àlejò á gba ìyókù, ọmọ tó ń ga lọ́wọ́ á fi omi ọbẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ yí i padà nínú ilé yín. Egungun ẹni ọgọ́ta ọdún kò tún ga mọ́.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin sì ń fọ́ ẹyin tútù sínú mọ́ọ̀tì àti mílíìkì, ẹ ń gbé e mì nítorí pé ẹnì kan sọ pé ó ń mú iṣan jáde. Lọ́dún 1998, àwọn oníwádìí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù wọn ohun tí ara ń rí gbà nínú ẹyin. Nínú ẹyin tí wọ́n sè, ara gba bíi 91 nínú 100 amúaradàgbà rẹ̀. Nínú ẹyin tútù, bíi 51 péré. Ìdajì rẹ̀ ṣòfò, ẹ sì tún lè kó kòkòrò Salmonella mọ́ ọn. Ẹ se ẹyin yín.

6. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ kan ṣoṣo máa gbé gbogbo ẹrù ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọbìnrin ni mo ń wò. Ẹ ò jẹun láàárọ̀ nítorí àìráyè tàbí nítorí ìbẹ̀rù sísanra, ẹ fi bísíkíìtì àti ohun mímu aládùn ti ọ̀sán, ẹ wá jẹun bámúbámú lálẹ́. Ara ń lo amúaradàgbà dáadáa tí ó bá ń wọlé ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ohun kejì tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tí kò jẹ oúnjẹ okun tó, ara rẹ̀ á kó amúaradàgbà tó jẹ lọ dáná, bí ẹni tí kò ní igi ìdáná tó wá fi pákó tí ì bá fi kanlé dá iná. Nítorí náà, ẹni tó ń sá fún ìrẹsì àti iṣu pátápátá, tó wá ń ra ìyẹ̀fun amúaradàgbà, iná ló ń fi owó rẹ̀ dá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nílé-ìwé: láti oṣù kẹsàn-án 2017 tí ìjọba ti sọ ilé-ìwé girama àgbà di ọ̀fẹ́, àwọn òbí kan rò pé gbogbo oúnjẹ ti délẹ̀. Mo ti wà nídìí ìkòkò yẹn, mo mọ̀ pé ẹran á pín, kò ní kárí bó ṣe yẹ. Ẹ bẹ àwọn ìyá yín pé kí wọ́n dín bísíkíìtì inú chop box kù. Kí wọ́n se shito tí ẹja gbígbẹ àti edé pọ̀ nínú rẹ̀ ju òróró lọ. Kí wọ́n yan àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà, kí wọ́n lọ̀ wọ́n pọ̀. Irú àpòpọ̀ yẹn ni Iléeṣẹ́ Ètò Ìlera Gánà àti UNICEF fi ṣe Weanimix lọ́dún 1987 fún àwọn ọmọ ọwọ́, ikùn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà kò sì ní kọ̀ ọ́. Mílíìkì oníyẹ̀fun dára, gíráàmù bíi 26 nínú 100, àmọ́ ẹ ka ara páálí rẹ̀: ọ̀pọ̀ ohun funfun tí wọ́n ń dà sínú tíì jẹ́ ọ̀rá àti ṣúgà lásán. Gààrì rírẹ tí ẹ bá da ẹ̀pà àti mílíìkì sí di oúnjẹ. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ṣúgà lọ, omi àti okun ni.

7. Agolo ìyẹ̀fun: ẹ gbọ́ òtítọ́ rẹ̀ lódindi.

Èmi kò ní sọ pé oògùn olóró ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi whey ṣe, ìyẹn omi tó ń yà lára mílíìkì nígbà tí wàrà bá dì. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ṣe wàrà ní àdúgbò Zongo mọ omi yẹn dáadáa. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi adùn sí i, wọ́n á dì í ságolo. Amúaradàgbà rẹ̀ dára, ṣíbí ńlá kan sì máa ń tó gíráàmù 20 sí 25. Agolo sadíìnì kan tàbí ẹyin mẹ́rin ń fún yín ní iye kan náà, pẹ̀lú irin àti fítámì, owó rẹ̀ sì kéré gan-an.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó bá a wọlé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ agolo wọ̀nyí ti ń wá, òfin ọdún 1994 kò béèrè pé kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ Clean Label Project yẹ 134 irú ìyẹ̀fun yìí wò níbẹ̀, wọ́n sì bá òjé nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Àwọn mìíràn ti ní èròjà bíi ti họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin tí wọn kò kọ sára agolo. Fún ọmọ tí kò tíì ga tán, èyí léwu lọ́nà kan tí kò léwu fún àgbà: ó lè mú kí ìdàgbà egungun dí ṣáájú àkókò, gíga sì parí síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fúnra wọn kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún máa lo àfikún bíi creatine nítorí eré ìdárayá.

Tí ẹ bá máa rà á síbẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ FDA Gánà, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, lára agolo. Òfin Ìlera Gbogboogbò ti 2012, nọ́ńbà 851, ló ní kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, NAFDAC ni ẹ ó wò. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣí, tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá. Ẹ má ra tọwọ́ ẹni tó ń kọ́ yín ní eré ní jíìmù láì jẹ́ kí òbí yín gbọ́.

8. Ẹ jìnnà sí oògùn ìsanra.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, mo bẹ̀ yín lórí èyí. Omi inú ìgò tí wọ́n ń pè ní Apetamin, tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ ní ìdí, kì í ṣe oúnjẹ. Cyproheptadine ló wà nínú rẹ̀, oògùn ara yíyún tó máa ń mú oorun kunni tó sì máa ń ru ìyánnu sókè. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i, ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò fún un níwèé àṣẹ. Àwọn kan tún ń da oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní dexamethasone mọ́ ọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ojú á rí roboto, wọ́n á ní ẹ ti dára sí i. Omi àti ọ̀rá ni. Lábẹ́ rẹ̀, iṣan ń dínkù, egungun ń rọ̀, ara kò sì lè bá àrùn jà mọ́. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, kó má ṣàdédé dá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Kó lọ bá dókítà, torí ara á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀.

Ara tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe àìsàn. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì kan, tí wọ́n di obìnrin arẹwà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, láì gbé ìgò kankan mu.

9. Ẹ yọ ẹ̀pà tó bu kúrò.

Ẹ̀pà tó bà jẹ́, tó dúdú tàbí tó korò, ẹ tu ú dànù. Èbu kan ń ṣe májèlé aflatoxin nínú rẹ̀, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kì í sì pa á tán. Lọ́dún 1960, ó pa tòlótòló tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ra odindi ẹ̀pà, ẹ ṣà á lójú ara yín, kí ẹ tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ.

10. Nínú oṣù ààwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Zongo jẹ́ Mùsùlùmí. Ní ìṣínu, koko àti koose tí gbogbo àdúgbò ń pín jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rere. Sààrì ni ẹ máa ń ṣe láìbìkítà: búrẹ́dì àti tíì, ó tán. Ẹ fi ẹyin tàbí ẹ̀wà aná sí i. Ebi ọ̀sán á fúyẹ́, iṣan ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò sì ní máa jó rẹ̀yìn.

11. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ẹ ń gbé irin.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá rí Asante Kotoko ní pápá Baba Yara. Ẹni tó ń ṣe eré líle nílò jù bí ẹlòmíràn lọ: fún àgbà, wọ́n ní gíráàmù 1.2 dé 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó wúwo tó kílò 60, bíi 72 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ mú oúnjẹ ọjọ́ kan tí mo kà lókè, ẹ fi ẹyin méjì dípò ọ̀kan sórí waakye, ẹja tó nípọn díẹ̀ sí i, ife mílíìkì kan: ẹ ti débẹ̀. Jíjẹ kọjá ibẹ̀ kò ní sọ iṣan di méjì. Eré náà fúnra rẹ̀ ló ń pe iṣan, oorun ló sì ń tún un ṣe. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù títí di aago méjì òru, kó má wá bèèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi nípọn.

12. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ bá dókítà.

Bí ọmọ bá ń jẹun tí kò ga, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà, tí ojú rẹ̀ funfun, kó má fi agolo wo ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ aràn inú. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀yin tí ẹ ti ń rí nǹkan oṣù yín. Nítorí rẹ̀ ni Gánà fi bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn irin ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọbìnrin ọdún 10 sí 19 ní 2017, ẹ má máa tu ú sóde ojú fèrèsé. Ó lè jẹ́ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní Kùmásì níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún un láti 1995, ọmọ tó bá ní in sì lè pẹ́ kó tó ga. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì rárá, ó ṣeé ṣe kí dókítà fúnra rẹ̀ kọ àfikún fún un, fítámì B12 pàápàá, torí kò sí nínú ẹ̀wà.

Ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní àwọn tó kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn. Kí ẹ tó lọ rí wọn, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu yín sílẹ̀, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, títí kan ohun tí ẹ rà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ sì gbé agolo tàbí ìgò èyíkéyìí tí ẹ ti ń lò dání. Ẹ má fi ọ̀kan kankan pamọ́ fún wọn.